Bí A Ṣe Wá Fẹ́ńdà fún Ìjàpá Bàbá Àgbà

Okun o! Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Okun, bí a ṣe ń kí ara wa nílé wa nìyẹn, ẹ dákun ẹ dá wa lóhùn.

Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú kọ nípa ohun tó ṣe ní ìsinmi Kérésìmesì, àwọn ọ̀rẹ́ mi sáré kọ tiwọn. Ẹnì kan lọ sí Àbújá, ẹnì kan gun Òkè Patti, ẹnì kan sì jẹ ìrẹsì níbi ìgbéyàwó mẹ́ta. Fẹ́ńdà ni èmi wá lọ. Fẹ́ńdà ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gba gbogbo ìsinmi mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju fẹ́ńdà lọ.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ ni Volkswagen Beetle ti bàbá àgbà mi, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto bíi ti alábahun. Ọdún 1979 ni bàbá àgbà rà á ní tuntun, nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà ní Kabba. Kogi kò tíì sí nígbà yẹn. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni Kabba wà, títí wọ́n fi dá Kogi sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà, tó wà lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó, ló to ọkọ̀ náà pọ̀. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, ẹrù sì ń wọ iwájú. Kò ní rédíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Bàbá àgbà máa ń sọ pé ọkọ̀ àwọn kì í mu omi, epo àti sùúrù nìkan ló ń mu.

Ṣùgbọ́n omi mu òun. Ní ọdún 2022, nígbà tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè kún, ẹ̀yin tó wà ní Lọ́kọ́jà nígbà náà kò lè gbàgbé rẹ̀. Gánájà ni ilé wa wà. Omi wọ agboolé wa, ó dé ìdajì táyà Ìjàpá, ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí omi lọ tán, bàbá àgbà fọ ọkọ̀ náà, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ó sì ṣiṣẹ́. Inú gbogbo wa dùn. A ò mọ̀ pé ẹrẹ̀ ṣì wà nínú ihò abẹ́ fẹ́ńdà, níbi tí ojú kò dé.

Ọjọ́ kejì tí mo dé láti ilé ìwé ni mo ba nǹkan jẹ́. Bàbá àgbà ti lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ níwájú ilé, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí géètì. Èmi àti àbúrò mi, ọmọ àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, wọ inú rẹ̀ lọ ṣeré. Èmi ni dírẹ́bà, òun ni kọ̀ńdọ́. Mò ń pe èrò: "Kabba! Ọbájánà, Kabba! Ó ku ẹnì kan!" Àbúrò mi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èrò tí kò sí, ó sì ń bá wọn jà lórí ṣéńjì. Nígbà tó ní ọkọ̀ ti kún, mo di búréèkì ọwọ́ mú, mo tẹ orí rẹ̀, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó le gan-an, ọwọ́ méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé kò lè ṣe nǹkan kan, nítorí a ò táná sí ọkọ̀.

Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jẹ́jẹ́. Kí n tó rántí ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, a ti gbá òpó géètì. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó lé páànù.

Mo fò sílẹ̀. Àbúrò mi kò lè ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń sunkún. Nígbà tí ìyá àgbà sáré dé, òun nìkan ni wọ́n bá nínú ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Kí lo fọwọ́ kàn níbẹ̀?" Àbúrò mi wo ojú mi. Èmi wo ilẹ̀. Kò sọ pé èmi ni. Èmi náà kò sọ pé èmi ni.

Bàbá àgbà kò na ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n wo fẹ́ńdà iwájú lápá òsì, apá ibi tí awakọ̀ ń jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì ní àbúrò mi kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ náà mọ́ títí ìsinmi yóò fi parí. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé òun ni yóò jókòó sí iwájú tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó o ti gbọ́njú díẹ̀, ìwọ ni wàá bá mi wá òmíràn." Bí mo ṣe di igbákejì wọn nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá pánẹ́bítà kan ní àdúgbò wa la kọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá fi ìka ti fẹ́ńdà náà lábẹ́, ìka wọn sì wọlé ṣọnṣọ. Irin tó yẹ kó le ń ya bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Wọ́n ní, "Bàbá, kì í ṣe géètì ló ba èyí jẹ́ o. Omi ọjọ́sí ni. Ó ti dípẹtà láti inú. Tí mo bá fi òòlù nà án, yóò fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni." Wọ́n ní nǹkan méjì ló kù. Àwọn lè fi bọ́dìfílà dí i, kí àwọn fi sáńpépà fá a, kí àwọn sì kùn ún lọ́dà. Tàbí kí a lọ wá fẹ́ńdà mìíràn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bọ́dìfílà, ohun kan ni tó rí bí ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n máa ń po nǹkan mìíràn mọ́ ọn, yóò sì gan bí òkúta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí wọ́n bá fá a dáadáa tí wọ́n sì kùn ún, ẹ ò ní mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Ó dára fún ibi tó kàn rọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi bo ìpáàrà, ìpáàrà yóò máa jẹun lọ lábẹ́ rẹ̀, títí ọjọ́ kan tí gbogbo rẹ̀ yóò ṣí bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Fílà kẹ̀? Orúkọ rẹ̀ bá a mu. Orí ń jẹrà, ẹ fẹ́ dé fìlà lé e." Ọ̀gá pánẹ́bítà náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dé inú mi.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé fẹ́ńdà kò sí lọ́jà ni? Ohun tí bàbá àgbà ṣàlàyé fún mi nìyí. Àwọn pátì ẹ́ńjìnnì máa ń gbó, gbogbo onímọ́tò ló ń rà wọ́n, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ń ṣe wọ́n. Ara ọkọ̀ ló ṣòro. Fẹ́ńdà tóbi, ó ń gba àyè ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan péré ni yóò béèrè rẹ̀ lọ́dún. Bẹ́ẹ̀ wọn kò ṣe Ìjàpá mọ́. Ní Jámánì níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, oṣù kìíní ọdún 1978 ni wọ́n ṣe èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí orí wọn kì í ṣí. Ní Mexico, ibi tí wọ́n ti ṣe é kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003 ló parí. Iye tí wọ́n ti ṣe nígbà náà lé ní mílíọ̀nù 21. Èmi béèrè pé, "Bàbá, níbo ni gbogbo mílíọ̀nù 21 náà wá lọ?" Wọ́n ní àwọn tó ń ra irin àlòkù ti gé ọ̀pọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń sùn lé ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì jẹ́ ọkọ̀ ẹnì kan rí.

Ohun méjì ló wà tí ènìyàn lè rà. Èkíní ni fẹ́ńdà tuntun tí àwọn mìíràn fara wé ti àtijọ́ ṣe. Ó máa ń dán, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn fẹ́lẹ́, ihò bóòtù rẹ̀ kì í sì í bá ti ara ọkọ̀ mu. Èkejì ni èyí tí wọ́n tú lára Ìjàpá mìíràn. Èyí ni bàbá àgbà fẹ́. Wọ́n ní, "Ẹran ara rẹ̀ ni kí a fi dí ojú egbò rẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹta, a gbọ́ pé ẹnì kan ní ọ̀kan nínú ìlú wa níbí. ₦35,000 ló pè é. Fẹ́ńdà náà dúdú, ó ń dán bíi bàtà ọjọ́ Sunday. Bàbá àgbà ti fẹ́ máa ná an, ni mo bá rántí iṣẹ́ Basic Technology. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé òòfà máa ń fa irin, kì í fa pákó, kì í fa pílásítíìkì. Mo ní òòfà kan nínú àpò mi, mo yọ ọ́ lára sípíkà rédíò kan tó ti kú. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n dán nǹkan wò." Mo fi òòfà sí orí fẹ́ńdà, ó lẹ̀ mọ́ ọn gbagidi. Mo fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná iwájú ń wọ̀, ó já bọ́ sílẹ̀. Mo gbé e padà, ó tún já bọ́. Bàbá àgbà fi ìka gbá ibẹ̀, ó dún bọ̀ǹtì bọ̀ǹtì bí ògiri. Níbi tí irin wà, ó ń dún gbaragada.

Ẹni tó ń tà á kò sọ nǹkan kan mọ́. Bàbá àgbà kò bínú sí i, wọ́n kàn kí i pé ó dàbọ̀. Nígbà tí a ń lọ ilé, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tí a bá pàdé pé, "Ọmọ yìí gbọ́n o! Irọ́ ò lè kọjá lójú rẹ̀." Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti nà mí rí, ṣùgbọ́n ìyìn yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò bàbá mi kan tó ń gbé ní Ìbàdàn bá wa wá a. Àwọn ọjà pátì ńlá tí àwọn onímọ́tò mọ̀ pọ̀: Ladipọ̀ ní Mushin l'Ékòó, Araromi ní Agodi Gate n'Íbàdàn, àti Nnewi ní Ìpínlẹ̀ Anambra. Wọ́n wá a káàkiri, wọ́n rí ọ̀kan, wọ́n sì fi wébíìlì rán an sí wa pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá sí Lọ́kọ́jà. A tú àpò tí wọ́n fi wé e. Òòfà mi lẹ̀ mọ́ gbogbo ara rẹ̀! Mo ti ń jó. Bàbá àgbà gbé e sún mọ́ ọkọ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n tiwa lèyí."

Ohun tí wọ́n rí ni pé ojú iná rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn. Àwọn Ìjàpá tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1968 ni ojú iná wọn máa ń dùbúlẹ̀ báyẹn, bí ẹni tó ń wo òkè. Láti ti ọdún 1968 lọ, ojú iná wọn dúró ṣánṣán. Iná ti 1979 kò lè wọ fẹ́ńdà ti àtijọ́ yẹn. Ẹ̀bi wa ni, a ò sọ ọdún ọkọ̀ fún àbúrò bàbá mi. A tún fi wébíìlì rán an padà.

Bàbá àgbà wá sọ ìtàn kan fún mi kí inú mi lè yọ́. Wọ́n ní láyé ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Nàìjíríà to ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Igala! Brasília tí wọ́n ṣe ní Brazil ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin, wọ́n wá fún un ní orúkọ àwọn aládùúgbò wa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn bíi ti Ìjàpá, afẹ́fẹ́ ló sì ń tu òun náà lára. Ṣùgbọ́n fẹ́ńdà rẹ̀ kò lè wọ Ìjàpá láé. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn kò gba bàtà kan náà. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Igala ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, ó ní irọ́ ni mò ń pa. Nígbà tó gbà tán, kò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn pé, "Ẹ̀yà tiyín ńkọ́, ṣé ẹ ní mọ́tò?"

Kérésìmesì lọ, a kò rí fẹ́ńdà. Ọ̀gá pánẹ́bítà ló wá sọ fún wa pé àwọn rí Ìjàpá kan lábẹ́ igi máńgòrò ní Kabba, nígbà tí àwọn lọ síbi òkú. Bàbá àgbà ní kí n gbé fẹ́ńdà wa tó bàjẹ́ dání, nítorí ẹni tó ń wá nǹkan gbọ́dọ̀ mú àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ, kí ó má baà tún ra ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Sienna la wọ̀. Orí itan mi ni fẹ́ńdà náà wà. A kọjá Ọbájánà, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ń yọ èéfín àti tírélà ti tò lọ bíi rélùwéè, títí a fi dé Kabba. Gbogbo ọ̀nà ni ìpáàrà ń kun sòkòtò mi.

Ìyá arúgbó kan ló ni ọkọ̀ náà. Ọkọ wọn ló rà á, ọkọ wọn sì ti ṣaláìsí. Ìjàpá náà ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Táyà rẹ̀ ti rọ̀ sínú ilẹ̀, ewé máńgòrò kún orí rẹ̀, adìẹ kan sì ń sàba lórí àga ẹ̀yìn. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, kò dán rárá. Àmọ́ nígbà tí mo fi òòfà rìn lára fẹ́ńdà iwájú lápá òsì, kò já bọ́ níbì kankan. Ojú iná rẹ̀ dúró ṣánṣán. Bàbá àgbà dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ha á. Odidi irin ni. Orí ilẹ̀ tó ga ni ilé náà wà, omi ò dé ibẹ̀ rí.

Bàbá àgbà sọ ohun tí a bá wá. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ẹ kú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mi ò tà á. Àwọn onírin àlòkù wá síbí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ tó gbé mi lọ bímọ ni wọ́n fẹ́ wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Tí ẹ bá mú ẹsẹ̀ kan lọ lónìí, ẹlòmíràn á wá mú ojú rẹ̀ lọ́la. Kí ni màá máa wò?"

Bàbá àgbà kò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní òótọ́ ni ìyá sọ. Wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Kabba ìgbà yẹn, nípa ọ̀nà ìgbà yẹn, nípa bí Ìjàpá ṣe ń gun òkè tí àwọn ọkọ̀ ńlá yóò rọ sẹ́yìn. Ìyá náà gbé omi wá fún wa, wọ́n gbé ọsàn wá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀ fẹ́ńdà. Wọ́n tọ́ka sí èyí tí mo gbé dání, wọ́n ní, "Ìyẹn ńkọ́? Ṣé ẹ máa jù ú nù ni?"

Bàbá àgbà ní kò wúlò mọ́ fún ọkọ̀ tó ń rìn.

Ìyá ní, "Tèmi kì í rìn. Ẹ fi ìyẹn sí i, kí ẹ mú tèmi lọ. Mi ò gba owó. Mi ò kàn fẹ́ kí ó wà láìní ẹsẹ̀."

Ẹnu ya àwa méjèèjì. Ìyá náà gba fẹ́ńdà wa tó rọ́, wọ́n ń yí i wò. Wọ́n ní, "Ojoojúmọ́ ni n ó máa rí i. Ó yẹ kí n mọ ìtàn rẹ̀. Ta ló rọ́ ọ báyìí?"

Bàbá àgbà ní, "Ọmọdé kan ni, Ìyá. Ọmọ ọdún méje ni, kò mọ nǹkan kan."

Mo wo fẹ́ńdà náà. Mo ronú pé àbúrò mi ni ìyá yìí yóò máa rò nípa rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Ọ̀fun mi gbẹ. Mo ní, "Èmi ni."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo tún un sọ, "Bàbá, èmi ni mo tú búréèkì ọwọ́. Òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kọ̀ńdọ́ ni òun."

Mo rò pé ilẹ̀ yóò lanu. Ìyá náà wo bàbá àgbà. Kò dà bí pé ẹnu ya bàbá àgbà. Wọ́n ní, "Búréèkì yẹn le." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kì í ṣe èmi lo jẹ ní gbèsè. Tí a bá délé, ìwọ àti àbúrò rẹ ló ni ọ̀rọ̀." Wọ́n fún mi ní sípánà 13, wọ́n ní kí n wọ abẹ́ ọkọ̀.

Bóòtù ni wọ́n fi ń so fẹ́ńdà Ìjàpá mọ́ ara ọkọ̀, wọn kì í jó o mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè tú u láìgé nǹkan kan. Rọ́bà tín-ín-rín kan ló wà láàárín òun àti ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bóòtù tó ti wà lójú kan láti ọdún gbọọrọ kì í fẹ́ dìde. A da kẹrosíìnì sí wọn lórí, a dúró fún bíi wákàtí kan, a tún da òmíràn sí i. Bàbá àgbà ń kọ́ mi pé kí n má fi agídí yí i, kí n yí i síwájú díẹ̀, kí n yí i sẹ́yìn díẹ̀. Ọ̀kan já, àwọn yòókù gbọ́ràn. Adìẹ náà ń pariwo mọ́ wa, àmọ́ kò kúrò lórí ẹyin rẹ̀. Nígbà tí a tú u tán, èmi ni mo fi fẹ́ńdà tiwa sí ipò rẹ̀, mo sì fún bóòtù rẹ̀ le dáadáa bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń lọ sí Èkó lọ́la. Ìyá náà nù ún pẹ̀lú etí ìró wọn.

Nígbà tí a délé, ilẹ̀ ti ṣú. Mo pe àbúrò mi sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹ̀gbọ́n láti bẹ àbúrò. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ, èmi ni mò ń rán an níṣẹ́. Mo ní, "Má bínú. Èmi ni mo ṣe é, mo sì jẹ́ kí wọ́n bá ọ wí. Mo ti sọ fún bàbá àgbà."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni."

Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ?"

Ó ní òun rò pé màá sọ ọ́ fúnra mi. Ó ronú díẹ̀, ó wá ní òun máa dárí jì mí tí mo bá fún òun ní òòfà mi. Mo fún un.

Bàbá àgbà kò tíì kun fẹ́ńdà tuntun náà. Wọ́n ní kí owó ọ̀dà wá ná. Nítorí náà Ìjàpá wa funfun, fẹ́ńdà rẹ̀ kan sì ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Àwọn ọmọ Gánájà ń pè é ní Ìjàpá alábùlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò bí bàbá àgbà nínú. Wọ́n ní ṣebí nínú àlọ́ náà, láti ìgbà tí ìjàpá ti já bọ́ láti òkè tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, tí wọ́n sì tò ó pọ̀, gbogbo ayé ló ń rí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Kò fi fìlà bò ó, ó sì ń rìn.

Tí ẹnì kan nínú yín bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà tó ní ọkọ̀ àtijọ́, ohun tí mo kọ́ rèé. Ẹ mọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání fún àpẹẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tàn yín, ẹ fi òòfà wò ó, ẹ fi ìka gbá a, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, nítorí inú ni ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì wá a lọ́wọ́ àwọn arúgbó tó ń gbé lórí ilẹ̀ gíga, kí ẹ jókòó tì wọ́n dáadáa kí ẹ tó béèrè nǹkan kan.

Lọ́jọ́ ọdún tuntun, àbúrò mi ló jókòó sí iwájú. Ó ń pe èrò títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìyá àgbà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó yí gbogbo ọkọ̀ tó wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ká, ó ń fi òòfà wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, títí ìyá àgbà fi fà á létí wọlé. Ó sọ fún mi pé mọ́tò púpọ̀ ló dé fìlà.

Ó dìgbà kan ná. Okun o!